Batman: Arkham Knight àbí Marvel's Spider-Man Remastered: èwo ni kí ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà yín?

Tí owó géèmù kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ yín, tí ó sì jẹ́ pé akíkanjú tó ń fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé lọkàn yín ń fẹ́, orúkọ méjì ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀. Àkọ́kọ́ ni Batman: Arkham Knight, tí Rocksteady Studios ní London ṣe, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Èkejì ni Marvel's Spider-Man Remastered, iṣẹ́ Insomniac Games ní Amẹ́ríkà, tí Nixxes Software ní Netherlands gbé wá sórí kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Orúkọ ti Batman ti bàjẹ́ látọjọ́ tó jáde, ẹ kàn dárúkọ rẹ̀, ẹnìkan á ní, "Ṣé èyí tí kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yẹn?" Ti Spider-Man ní orúkọ rere. Mo gbà pé orúkọ méjèèjì ló ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà báyìí. Lórí irú láptọ́ọ̀pù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, géèmù tí wọ́n ń bú yẹn lè sáré dáadáa ju èyí tí wọ́n ń yìn lọ. Àmọ́ o, eré sísá nìkan kọ́ ni wọ́n ń torí ẹ̀ ra géèmù.

Ìjà

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ọwọ́ yín máa pẹ́ sí jù bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì tí ìjà Arkham Knight ń lò kò pọ̀: ọ̀kan fún ẹ̀ṣẹ́, ọ̀kan láti dá ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tá padà, ọ̀kan láti fi aṣọ ẹ̀yìn Batman da ojú ọ̀tá rú, ọ̀kan láti fi yẹ̀ ẹ́. Ọmọdé lè kọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ máa wo ojú àwọn tó yí yín ká. Nínú èèyàn mẹ́wàá, ọ̀kan gbé apata, ọ̀kan di ọ̀pá oníná mú, ọ̀kan yọ ọ̀bẹ, ọ̀kan fìrìgbọ̀n bí ẹnu ọ̀nà, òmíràn sì jẹ́ oníṣègùn ogun tó ń jí àwọn tí ẹ ti lù dákú, tó tún ń fi iná mànàmáná sí wọn lára kí ẹ má bàa lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó bá fi oníṣègùn yẹn sílẹ̀ di ìkẹyìn, ìjà ọ̀hún kò ní tán láéláé. Tí ẹ bá sì lù wọ́n láìjẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ kankan bà yín, ara Batman á máa yá sí i, á máa fò láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì, ìlù á wọ̀ yín lára.

Síbẹ̀, ìjà ojúkojú kọ́ ni ó mú Arkham Knight yàtọ̀ pátápátá. Ìdọdẹ inú òkùnkùn ni. Ẹ wà lókè lórí ère òkúta, àwọn ológun mẹ́jọ ń rìn kiri nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ìbọn méjì sì ti tó láti pa yín. Ẹ á gba ihò atẹ́gùn yọ sí wọn, ẹ á fa ọ̀kan wọlé, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, ọkàn wọn á máa já. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọ̀tá ti kọ́ ọgbọ́n: wọ́n ń ri bọ́ǹbù mọ́ inú ihò atẹ́gùn, wọ́n ń gbé ìbọn tó ń dá yìn kalẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń tọpa ojú àrà tí Batman fi ń wo inú ògiri, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá tan ojú yẹn pẹ́ jù, wọ́n á mọ ibi tí ẹ wà. Bí ẹ bá rí ọ̀nà sún mọ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n rí yín, ẹ lè já lù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó gbé ìbọn, ó sì lè di márùn-ún bí agbára bá ti pọ̀ sí i. Kò sí géèmù akíkanjú kankan tí mo lè fi wé e níbi ká máa bani lẹ́rù láti inú òkùnkùn.

Ọmọ ilé ìwé kan náà ni ìjà Spider-Man, ẹ á rí i pé láti ọ̀dọ̀ àwọn géèmù Arkham ti Batman ni wọ́n ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ lọ sójú ọ̀run. Peter Parker, ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ Spider-Man, kò lágbára láti dúró gba ẹ̀ṣẹ́. Yíyẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmì funfun á yọ yí orí rẹ̀ ká, ẹ á tẹ bọ́tìnnì, á gba abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá kọjá. Ẹ lè gbé ọ̀tá kan sókè, kí ẹ lù ú lójú ọ̀run, kí ẹ fi òwú aláǹtakùn lẹ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ fa ìlẹ̀kùn mọ́tò já kí ẹ fi sọ ẹlòmíràn. Ó yá ju ti Batman lọ, ó sì ń pa ni lẹ́rìn-ín jù ú lọ. Ìdọdẹ rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Ẹ dúró sókè, géèmù fúnra rẹ̀ á sọ fún yín pé ẹni báyìí kò séwu lórí rẹ̀, ẹ á fi òwú fà á sókè, ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ní béèrè ibi tó wọlé sí. Àwọn ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ gba ojú Mary Jane tàbí Miles, àwọn ọ̀rẹ́ Peter, rìn jẹ́jẹ́, kí ọ̀tá má rí yín, ó sú mi débi pé mo máa ń fẹ́ kó parí ni.

Ìrìn nínú ìlú

Níbí ni Spider-Man ti gba adé. Òwú tí Peter ń ta ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tó wà lóòótọ́: ògiri ilé, òpó, igi. Manhattan ní New York ni ìlú náà; bí ẹ bá wà láàárín àwọn ilé gogoro àdúgbò Midtown, ẹ lè máa já bọ̀ títí ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé mọ́tò, kí ẹ tó ta òwú kan tó máa gbé yín padà sókè. Bí ẹ bá wọ Central Park, kò sí ilé mọ́, igi nìkan ló kù, eré yín á dín kù, ẹ á sì máa rìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ àdúgbò láìwo máàpù. Bí ẹ ṣe ń fò lọ, J. Jonah Jameson, oníròyìn tó kórìíra Spider-Man, á máa bú yín lórí rédíò. Ọ̀pọ̀ ló ra géèmù yìí, tí wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀ fún odindi ìrọ̀lẹ́, wọ́n kàn ń fò kiri ni.

Ohun tí wọ́n ní kí ẹ máa ṣe nínú ìlú náà ni kò dùn tó ìlú fúnra rẹ̀. Àpò ẹ̀yìn 55 tí Peter gbàgbé káàkiri, ọ̀daràn tó ń jalè mọ́tò ní àdúgbò yìí, ọ̀daràn tó ń jalè mọ́tò ní àdúgbò kejì, ilé iṣẹ́ ìwádìí Harry Osborn, ọ̀rẹ́ Peter. Ẹ̀ẹ̀kan dùn, ẹ̀ẹ̀kejì ṣì dùn. Nígbà tí ẹ bá dé ìdajì máàpù, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Gotham ti Arkham Knight kéré ju Manhattan yẹn lọ, erékùṣù mẹ́ta péré ni: Bleake, Miagani àti Founders'. Àwọn ará ìlú ti sá lọ nítorí ọ̀daràn Scarecrow tó halẹ̀ pé òun máa tú oró síta, nítorí náà, àwọn ọ̀daràn nìkan lẹ máa bá nígboro. Ṣùgbọ́n ẹwà ibẹ̀ kò ṣé e fẹnu sọ. Òru ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òjò kì í dá. Ẹ dúró lábẹ́ iná orí òrùlé kan kí ẹ yí Batman sẹ́yìn: ẹ á rí i bí ẹ̀kán òjò ṣe ń ṣàn lára ìhámọ́ra rẹ̀, tó ń gba etí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ kán sílẹ̀. Unreal Engine 3 ni wọ́n fi ṣe é, irinṣẹ́ ìṣe géèmù tó ti dàgbà gan-an lọ́dún 2015, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ṣì gún ju ti ọ̀pọ̀ géèmù tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Inú ilé àti ìta kò ní ìdádúró láàárín, ìtàn àti eré sì wọnú ara wọn débi tí ẹ kò ní mọ ìgbà tí wọ́n dá Batman padà sí yín lọ́wọ́. Kevin Conroy tó ṣe ohùn Batman kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, èmi kì í sì í gbọ́ ohùn yẹn nísinsìnyí kí n máà rántí.

Wàhálà ibẹ̀ ni mọ́tò. Batmobile dára láti wà, pàápàá nígbà tí ẹ bá fi eré já lu igun títì tó sì ta yín jáde sójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ó di ọkọ̀ ogun, Rocksteady sì fẹ́ràn ọkọ̀ ogun yìí ju bó ti yẹ lọ. Ẹ máa bá àwọn ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ jà, ẹ tún máa bá wọn jà, ọ̀gá kan tí èèyàn ń retí ìjà ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀ á tún gbé ọkọ̀ ogun yọ. Riddler pàápàá, ọ̀jọ̀gbọ́n àlọ́, ojú ọ̀nà eré mọ́tò ló kọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí òpin ìtàn náà ní kíkún, àdánwò Riddler 243 ló dúró dè yín. Mo mọ àwọn tó kúkú lọ wò ó lórí YouTube, mi ò sì bá wọn wí.

Àléébù inú ẹ̀rọ: ti Batman

Kò sí àbùmọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ nípa Arkham Knight nígbà yẹn. Ẹ̀dà PS4, ìyẹn PlayStation 4, jáde dáadáa. Ẹ̀dà kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé fún ilé iṣẹ́ mìíràn, Iron Galaxy ní Chicago, nígbà tó sì jáde lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà, wọ́n ti so ó mọ́ àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ibi tí ẹ ti lè tú u nínú settings, àwọn tó gbójú ló wọ inú fáìlì rẹ̀ lọ tú u. Àwọn tó ní káàdì àwòrán olówó ńlá ń wo Batman tó ń dúró gbagidi lójú títì. Èyí tó wá bí àwọn èèyàn nínú jù ni pé òjò tó ń dán lára aṣọ yẹn, èyí tó wà lórí PS4, kò sí lórí kọ̀ǹpútà wọn. Lọ́jọ́ kejì, Warner Bros., ilé iṣẹ́ tó ń tà á, yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún géèmù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ló padà sórí àtẹ, kò sì tíì sàn tán. Wọ́n ní kí ẹni tó ń lo Windows 10 ní RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) 12GB bí kò bá fẹ́ kó máa ta kókó, wọ́n pa ìrètí àwọn tó so káàdì méjì pọ̀, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́ lè gba owó rẹ̀ padà títí ọdún fi máa parí, ì báà ti lo wákàtí mélòó nínú rẹ̀.

Ibi tí ìṣòro náà ti wá kò ṣòroó lóye. Lórí PS4, ẹrù gbogbo wà nínú àpò kan ṣoṣo, ọpọlọ ẹ̀rọ àti ẹ̀rọ àwòrán jọ ń mú u níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, RAM wà lọ́tọ̀, ìrántí orí káàdì àwòrán wà lọ́tọ̀, ẹrù sì gbọ́dọ̀ máa rìn láàárín méjèèjì. Bí Batmobile bá ń já títì kọjá, ògiri tuntun, òpó tuntun, àmì ilé ìtajà tuntun ń wọlé ní gbogbo ìgbà. Káàdì 2GB tí ọ̀pọ̀ ń lò lọ́dún 2015 á kún, géèmù á dúró, á tún lọ. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ orí fi wo àìsàn yìí sàn ju àtúnṣe lọ. Lórí káàdì 6GB, RAM 16GB àti SSD, ìyẹn disk ìgbàlódé tó yára, àyè pọ̀ fún ẹrù náà, ó sì ń lọ geere. Èyí tó kù ni pé bí ẹ bá ń wa mọ́tò ní eré tó ga jù, ó ṣì máa ń fà díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá lórí hard disk àtijọ́. Èéfín àti kùrukùru tí NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì àwòrán, fi sí inú rẹ̀ sì ṣì ń jẹ agbára bí ẹni pé ọdún 2015 la wà.

Àléébù inú ẹ̀rọ: ti Spider-Man

Ti Spider-Man kò pariwo, ìdí rèé tí àwọn èèyàn fi ń rà á láìbèèrè. Ìlú yẹn kò lè wọ inú ìrántí ẹ̀rọ kankan tán, ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti orí disk bí ẹ ṣe ń fò ni. Nígbà tí wọ́n ṣe é fún PS4 lọ́dún 2018, hard disk ibẹ̀ kò yára tó láti máa sáré wá nǹkan káàkiri. Mark Cerny, ẹni tó ṣètò bí ẹ̀rọ PS5 ṣe máa ṣiṣẹ́, sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 2020 pé nǹkan bí àpótí lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ títì wà lórí disk géèmù yìí ní ìgbà 400, torí kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀ nítòsí. Hard disk yẹn náà ló pinnu bí Peter ṣe lè sáré tó.

PS5 ní ẹ̀rọ pàtàkì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tú ẹrù tí wọ́n fún pọ̀. Kọ̀ǹpútà wa kò ní i. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn CPU, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, nígbà tó tún ń darí àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ títì, mọ́tò, àti àwọn ọ̀daràn. Bí ẹ bá wá tan ray tracing, tó ń mú kí dígí ilé gogoro gbé àwòrán títì òdìkejì bó ṣe rí gan-an, ẹ tún gbé ẹrù mìíràn lé ọpọlọ yẹn lórí, torí òun náà ló gbọ́dọ̀ máa tún ìlú tò fún ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn onílàptọ́ọ̀pù nìyí: wọ́n á rí i pé géèmù ń fà, wọ́n á rẹ àwòrán sílẹ̀ pátápátá títí ojú Peter á fi dà bí amọ̀, kò sì ní yára sí i. Káàdì kọ́ ló ń dá a dúró. Ẹ dín èrò àti mọ́tò títì kù nínú settings, ẹ pa ray tracing, ẹ á rí ìyàtọ̀.

Ní tòótọ́, Nixxes ṣiṣẹ́ wọn. DLSS wà níbẹ̀, FSR 2 wà, àwọn ọgbọ́n tó ń ya àwòrán kékeré tó sì ń fẹ̀ ẹ́ kí géèmù lè sáré sí i, àtẹ bọ́tìnnì àti máòsì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ lè yí ohun gbogbo padà láìpa géèmù, ojú ìwòye tó gbòòrò pàápàá kò ṣe é ní nǹkan. Èyí tó kù ni àwọn àléébù tó ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ẹ fò lọ sí etí odò Hudson, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ onígun-mẹ́rin ni, ojú wọn kò ní imú tó dá yanjú, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi pákó gbẹ́ tí wọn kò gbẹ́ tán. Insomniac rò pé kò sẹ́ni tó máa wò wọ́n ní tòsí ni.

Ohun tí ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ ní

| | Arkham Knight | Spider-Man Remastered |
|---|---|---|
| Káàdì tó kéré jù | GTX 660, 2GB | GTX 950 |
| Káàdì tí wọ́n dábàá | GTX 760, 3GB | GTX 1060, 6GB |
| RAM tó kéré jù | 6GB | 8GB |
| RAM tí wọ́n dábàá | 8GB (12GB fún Windows 10) | 16GB |
| Àyè lórí disk | 45GB | 75GB |

Ẹ má gba ìlà "tó kéré jù" gbọ́ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ti Spider-Man ń sọ̀rọ̀ nípa àwòrán 720p ní fps 30 (àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), èyí tí kò yàtọ̀ sí fóònù. Ti Arkham Knight ni wọ́n kọ ṣáájú kí ayé tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀, kó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, kó lọ bá Arkham Asylum, géèmù Batman ti ọdún 2009. Ó kéré, ó fúyẹ́, ìjà rẹ̀ kò sì tíì di àtijọ́.

Ẹ tún wo 75GB yẹn dáadáa kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, torí àwa tá à ń ra dátà ní gíígì la mọ ohun tó túmọ̀ sí. Lórí owó géèmù fúnra rẹ̀, dọ́là 60 ni Spider-Man nígbà tó dé orí kọ̀ǹpútà, dọ́là 20 ni wọ́n ń pe Arkham Knight lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń já wálẹ̀ gan-an nígbà ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá ní àkáǹtì Epic, ọjà géèmù mìíràn, láti ọdún 2019 kó lọ wo inú rẹ̀ ná: oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n pín Arkham Asylum, Arkham City àti Arkham Knight lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú Spider-Man yìí ni pé kò fi dandan béèrè àkáǹtì PlayStation Network, èyí tí àwọn géèmù Sony kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lórí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2024, nígbà tí Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí PSN ń ṣí àkáǹtì fún.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà ńbẹ̀. Spider-Man ń dá fi eré pamọ́, ẹ sì tún lè fọwọ́ ara yín fi pamọ́ nígbà tó bá wù yín. Arkham Knight, òun nìkan ló mọ ìgbà tó máa fi pamọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ṣẹ́gun àwọn mẹ́jọ nínú òkùnkùn tán tí ẹ kò tíì jáde nínú yàrá yẹn, ẹ lè padà bá gbogbo wọn láàyè. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, tàbí ínfátà, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Tí ó bá jẹ́ PlayStation tàbí Switch lẹ ní

Remastered kò sí lórí PS4, Spider-Man ti ọdún 2018 ló wà níbẹ̀. Òun àti Arkham Knight wà ní fps 30, àwọn méjèèjì sì dúró dáadáa. Arkham Knight tí wọ́n ń bú lórí kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀sùn kankan níbẹ̀, disk tòkunbọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Lórí PS5 ni ọ̀nà pínyà: Spider-Man Remastered ní ipò tó ń lọ ní fps 60, Arkham Knight ṣì ń bá 30 rẹ̀ lọ. Ti Switch, ẹ má ṣe dán an wò. Wọ́n kó Arkham mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde fún un ní oṣù kejìlá ọdún 2023, méjì àkọ́kọ́ ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n Knight ibẹ̀ ń fà bíi pé ó gbé Batmobile yẹn lórí.

Àwọn mìíràn tí wọ́n lè fi lọ̀ yín

Wọ́n á ní kí ẹ ra Gotham Knights ti ọdún 2022, torí ó tuntun ju Arkham Knight lọ. WB Games Montréal ló ṣe é. Batman ti kú níbẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mẹ́rin ló kù. Bí àdán gan-an ló rí: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ìjà rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti Arkham, ìṣirò agbára àti ohun ìjà inú rẹ̀ kò sì tó ti géèmù tí wọ́n fi ìyẹn ṣe. Lórí PS5 àti Xbox Series, fps 30 ni wọ́n fi í sí, wọ́n ní eré ẹlẹ́ni méjì tí kálukú lè lọ ibi tó wù ú ló fà á. Lórí kọ̀ǹpútà, ó ń dúró gbagidi nígbà tó jáde. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi lè ní kí ẹnikẹ́ni rà á ni pé ó ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n fẹ́ jọ máa ṣeré.

Suicide Squad: Kill the Justice League, tí Rocksteady fúnra wọn ṣe lọ́dún 2024, nílò íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà nígbà tó jáde, títí wọ́n fi fún un ní ipò aláìnííntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ti sanwó ṣáájú kọ́kọ́ wọlé, àwọn kan bá ìtàn náà ní píparí láìtíì ja ìjà kankan, wọ́n ní láti pa sáfà rẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ kọjá lára rẹ̀.

Spider-Man 2 dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ó rẹwà, ìrìn rẹ̀ tún dára sí i pẹ̀lú ìyẹ́ tí wọ́n fi kún un, ṣùgbọ́n ó ń béèrè 140GB lórí SSD, ó sì ń ṣàdédé pa ara rẹ̀ nígbà tó jáde débi tí àwọn tó rà á fi kọ ẹ̀sùn tó pọ̀ lé e lórí. Àwọn àtúnṣe ti tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti àkọ́kọ́ tán ná.

Èmi, èwo ni mo máa rà?

Bí ẹ̀rọ yín bá ní CPU tó mọ́kàn, láti nǹkan bí ọdún 2018 wá, káàdì 6GB àti SSD, tí ẹ sì ń wá géèmù tí ẹ̀yin àti ọmọ ilé lè jọ gbà lọ́wọ́ ara yín, Spider-Man ni. Kò sí ẹni tó máa gbé páàdì yẹn tí kò ní rẹ́rìn-ín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí CPU yín bá ti gbó àmọ́ tí káàdì yín ṣì dára, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín, Arkham Knight ló máa sáré jù níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìjà tó ń béèrè ọgbọ́n lẹ ń wá, tí ẹ lè fara da ọkọ̀ ogun, Arkham Knight náà ni, láìka ẹ̀rọ sí. Òun ni mo máa mú bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi sí mọ́tò yẹn.

Ní kété tí ẹ bá ti gbé Arkham Knight sórí SSD, ẹ wọ settings kí ẹ tó tẹ "New Game". Max FPS máa wà ní 30, 60 àti 90: ẹ fi sí 60. Ẹ pa Interactive Smoke/Fog àti Interactive Paper Debris. Enhanced Rain àti Enhanced Light Shafts, ẹ lè fi àwọn yẹn sílẹ̀ bí káàdì NVIDIA yín bá gbà, wọn kì í jẹ agbára tó bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tò bá ṣì ń fà lójú títì lẹ́yìn èyí, ìpele Texture Resolution lẹ máa dín kù, kì í ṣe òjìji.